Wọ́n Kí Ọmọ Náà Kú Oríire: Ọ̀rọ̀ Pacey Witter àti Olùkọ́ Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1998, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n The WB ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dawson's Creek. Kevin Williamson ló dá a sílẹ̀. Wilmington ní North Carolina ni wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n ìlú tí ìtàn náà ti wáyé, Capeside, ìlú kékeré kan létí omi ní Massachusetts ni, kò sì sí níbì kankan àfi nínú eré. Ọ̀dọ́ mẹ́rin ni ìtàn náà dá lé: Dawson, Joey, Jen àti Pacey. Nínú apá àkọ́kọ́ gan-an, Pacey Witter, ọmọ ọdún 15, wà nídìí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò nígbà tí obìnrin kan wọlé. Obìnrin náà rẹwà, ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó sì ní kí ọmọ náà bá òun wá fíìmù kan tó dá lórí àgbà obìnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin. Nígbà tí wọ́n wọlé ẹ̀kọ́, Pacey rí i pé obìnrin ọ̀hún ni Tamara Jacobs, olùkọ́ tuntun tí yóò máa kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí apá àkọ́kọ́ yẹn tó parí, olùkọ́ ti fi ẹnu ko akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ní èbúté. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti ń bá ara wọn lòpọ̀.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí. Ní Massachusetts, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè fọwọ́ sí i pé kí àgbàlagbà bá òun lòpọ̀. Òfin kò béèrè bóyá ọmọ náà fẹ́, kò béèrè ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ẹnì kejì, kò sì béèrè bóyá ọmọkùnrin ni tàbí ọmọbìnrin. Ìfipábánilòpọ̀ ni. Ti ọjọ́ orí nìkan nìyẹn o. Ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀ ni obìnrin yìí, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kó máa bójú tó o ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ẹ bá ẹni tó wo eré náà nígbà yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé Pacey mà ríre, pé ọmọ náà mọwọ́, pé ọmọkùnrin wo ni kò fẹ́ irú ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ṣòro ni, pé àánú Tamara ṣe àwọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹni tó máa ṣí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú pé àgbàlagbà kan dọdẹ ọmọdé. Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ tú wò, nítorí pé kò ṣàdédé wá. Eré náà ló kọ́kọ́ gbé e lé àwọn òǹwòran lọ́wọ́, àwọn òǹwòran sì gbà á nítorí pé ó bá ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ mu.

Ẹ wo èbúté yẹn dáadáa. Ṣáájú ìgbà náà, Pacey ti tẹ̀ lé olùkọ́ náà lọ sí ilé sinimá, ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ìjà. Nígbà tó wá pàdé rẹ̀ létí omi, Pacey ló sọ̀rọ̀ jù. Ó sọ fún un pé ẹ̀rù ogójì ọdún ń bà á, pé inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé ṣe ń wojú rẹ̀, pé ó ti pàdánù ohun tó dára. Ọ̀rọ̀ gbígbóná, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin náà fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbé gbogbo ẹrù ìlépa náà ka ọmọ lórí: ọmọ ló ń lépa, ọmọ ló ń bínú, ọmọ ló ń mọ ohun tó wà lọ́kàn àgbàlagbà. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà fi ṣe nǹkan, ìyẹn náà sì dà bí àìlera tó bá a lójijì. Bẹ́ẹ̀ òun ló rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, òun ló ní kí ọmọ ọdún 15 bá òun wá fíìmù àgbà obìnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìkẹ́kùn àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti wáyé kí Pacey tó sọ gbólóhùn kankan tó gbóná.

Ojú náà tún tàn wá jẹ. Joshua Jackson tó ṣe Pacey ti pé ọdún 19 nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Leann Hunley tó ṣe Tamara jẹ́ ẹni ọdún 42. Lójú wa, géńdé ló dúró níwájú obìnrin yẹn, ohùn rẹ̀ ti nípọn, èjìká rẹ̀ ti gbòòrò. Wọ́n ní ká fi ọkàn gbà pé ọmọ ọdún 15 ni, ojú sì ń sọ fún wa pé irọ́ ni. Bí wọ́n bá fi ọmọ ọdún 15 gidi síbẹ̀, tí rọ́bà ìtọ́ eyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń fọ́ láàárín ọ̀rọ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á lè jókòó wo ìfẹnukonu náà títí tó fi parí. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin náà nínú eré, wọ́n á fi obìnrin ogún ọdún ó lé ṣe ọmọ ọdún 16. Ṣùgbọ́n ti ọmọkùnrin ń ṣiṣẹ́ burúkú kan ní àfikún: ó ń mú kó dà bí ẹni pé àgbàlagbà méjì ni wọ́n, kò wá sí ẹni tó ń jẹ́ ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú. Pacey sọ ọ́ fún Dawson nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ọmọ mìíràn wà nínú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ kan níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ pe olùkọ́ náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Pacey bá wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó dúró níwájú àwọn àgbà, ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé òun lòun hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti fi ṣe fáàrí fún àwọn ẹgbẹ́ òun. Wọ́n dá olùkọ́ náà sílẹ̀. Tamara dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dágbére fún un létí omi, ó sì fi ìlú sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá ọmọ tí wọ́n ṣe báyìí jókòó rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àgbàlagbà bá ti fa ojú ọmọ mọ́ra pẹ́, ọmọ náà ni yóò di olùṣọ́ àṣírí rẹ̀. Á máa rò pé bí ọ̀rọ̀ bá jáde, òun lòun ba ayé ẹni tó fẹ́ràn òun jẹ́. Á purọ́ fún ọlọ́pàá, á purọ́ fún ìyá rẹ̀, á gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Pacey ṣe é bó ṣe máa ń rí gan-an, eré náà sì pè é ní ìwà akin. Orin dídùn ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ kí a rí i pé ọmọ náà ti di ọkùnrin.

Ẹ rántí ilé tó ti jáde wá. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Doug, ọlọ́pàá ni. Òun ni wọ́n ń pè ní òfò nínú ilé. Ẹni tó yẹ kó sá lọ bá nígbà tí àgbàlagbà bá ń lò ó ni bàbá rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé kò ní gba òun gbọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ kí wọ́n yìn ín nílé rí, obìnrin kan tó jẹ́ àgbà wá sọ fún un pé ó gbọ́n, pé ó yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń wá wọn mọ̀ wọ́n láàárín èrò. Àwọn tó kọ eré náà mọ ọgbẹ́ yìí, wọ́n fi òótọ́ inú kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn Pacey títí di òní. Ohun tí wọn kò ṣe ni kí wọ́n so ọgbẹ́ náà mọ́ ẹni tó lò ó. Tamara padà wá fún ìgbà díẹ̀ nínú ìpín kejì, lẹ́yìn náà eré lọ títí di oṣù karùn-ún 2003, Joey yan Pacey nígbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó jókòó bi í pé kí ni olùkọ́ yẹn ṣe sí i.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó bínú sí eré náà. Procter & Gamble, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, tó sì jọ ní ọwọ́ nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ta ìpín tirẹ̀ ní oṣù díẹ̀ kó tó jáde, nígbà tí ìròyìn ti ń lọ nípa ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ àti ìbálòpọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Parents Television Council pè é ní eré tó burú jù lọ ní sáà 1997 sí 1998, wọ́n tún pè é bẹ́ẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń bí wọn nínú: ọ̀rọ̀ rírùn, ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lásìkò tí ìdílé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fẹ́ dáàbò bo àwọn ọmọ tó ń wò ó nílé. Ọmọ tó wà nínú ìtàn, wọn kò rí i.

Ẹni tí mo fẹ́ fi Pacey wé kò jìnnà. Inú eré kan náà ló wà, ìpín kan náà, kíláàsì kan náà. Jen Lindley, tí Michelle Williams ṣe, ọmọ ọdún 15 lòun náà. Àwọn òbí rẹ̀ ní New York kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Capeside nítorí pé wọ́n ká a mọ́ orí ibùsùn wọn pẹ̀lú ọmọkùnrin. Bí ìtàn ṣe ń lọ, Jen jẹ́wọ́ fún Dawson pé ọmọ ọdún 12 lòun nígbà tí ẹnì kan tó jù òun lọ fún òun lọ́tí títí òun fi yó, tó sì bá òun lò. Ọdún 12! Ojú Dawson yí padà sí i. Ẹni tó ń wò bí áńgẹ́lì lánàá, ó di ẹni tí ìtàn rẹ̀ wúwo fún un láti gbé. Ọ̀pọ̀ òǹwòran náà kò gba ti Jen láti ọjọ́ náà lọ. Lójú wọn, òun ni ọmọbìnrin tó ti bàjẹ́, tó wá dí Dawson àti Joey lọ́nà.

Ẹ gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọkùnrin tí àgbàlagbà lò di ọkùnrin. Ọmọbìnrin tí ẹni tó jù ú lọ lò di ìdọ̀tí. Wọ́n kí ọ̀kan kú oríire, wọ́n lé èkejì kúrò nílé. Níbi méjèèjì, ẹni tó ṣe é lọ láìfarapa. Tamara lọ pẹ̀lú omijé àti orin. Ẹni tó fún Jen lọ́tí kò tilẹ̀ ní ojú nínú eré, kò ní ilé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé ṣé àgbà obìnrin ni a ń jẹ́ kó lọ láìjìyà ni tàbí àgbà ọkùnrin. Mo rò pé wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Ara ọmọ ni àwọn òǹwòran fi ń dá àgbàlagbà lẹ́jọ́. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní ó jèrè, nítorí náà kò sí olè. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní ó pàdánù, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á sì ti kọ́kọ́ wá ohun tó sọnù.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di pé gbogbo àgbà ọkùnrin inú eré ló ń jìyà. Ní 2010, ABC Family bẹ̀rẹ̀ Pretty Little Liars. Nínú rẹ̀, Ezra Fitz pàdé Aria, ọmọ ọdún 16, nínú ilé ọtí. Lọ́jọ́ kejì ó rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó hàn pé ó ti mọ ẹni tí Aria jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń lò ó láti fi kọ ìwé nípa ọ̀rẹ́ Aria tó sọnù. Kí ni àwọn òǹwòran ṣe? Wọ́n so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ di Ezria, wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n fẹ́ra. Wọ́n sì fẹ́ra nínú apá tó kẹ́yìn, ní oṣù kẹfà 2017. Arẹwà ọkùnrin ni Ezra, ó ń kéwì, ó ń sunkún. Ká ní ẹni àádọ́ta ọdún tí ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú ni, àwọn òǹwòran yẹn kan náà ì bá ti ké sí ọlọ́pàá. Ẹwà máa ń ra ìdáríjì fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó fẹ́ràn Ezra mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn gbèjà rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀: wọ́n á ní ìfẹ́ tòótọ́ ni, Aria gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Fún Tamara, kò sẹ́ni tó rò pé ẹjọ́ kankan wà tí ẹnì kan ní láti rò.

Kò sí bí a ṣe lè sọ pé eré lásán ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Pacey ń pàdé olùkọ́ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Mary Kay Letourneau ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n ni. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Burien, lẹ́bàá Seattle, ó lọ́kọ, ó sì bí ọmọ mẹ́rin. Ọmọkùnrin tó bá lò, ó ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, ó tún kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà. Ní 1996, ẹni ọdún 34 ni obìnrin náà, ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 12. Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Letourneau gbà pé òun jẹ̀bi ìfipábọ́mọdélòpọ̀ lọ́nà méjì. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1997, ìyà tó tọ́ sí i lé ní ọdún méje, ṣùgbọ́n adájọ́ so èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rọ̀, ó fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún un, ó sì ní kó lọ gba ìtọ́jú. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ti ṣàlàyé pé àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1998, ọlọ́pàá bá a nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, apá kẹta Dawson's Creek jáde. Wọ́n dá obìnrin náà padà sí ẹ̀wọ̀n fún iye ọdún tó kù.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe gba ìtàn náà. Àwọn oníròyìn pè é ní ìfẹ́ èèwọ̀. Ní 2000, wọ́n ti ṣe fíìmù tẹlifíṣọ̀n lórí rẹ̀. Ní 2002, ìdílé ọmọ náà gbé ilé ìwé àti ọlọ́pàá lọ sí kóòtù pé wọn kò dáàbò bò ó. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò sí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Letourneau jáde ní oṣù kẹjọ 2004. Ní oṣù karùn-ún 2005 ó fẹ́ ọkùnrin náà, ètò tẹlifíṣọ̀n kan sì gba ẹ̀tọ́ láti ya ìgbéyàwó náà. Ní 2009, ilé ọtí kan ní Seattle ṣe alẹ́ àríyá tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ́ olùkọ́ ṣe àkọlé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń lu orin, òun ni olùgbàlejò. Àwọn ènìyàn sanwó wọlé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ẹ ronú nípa ọkùnrin kan, olùkọ́, tó fún ọmọbìnrin ọdún 12 lóyún, tó lọ sẹ́wọ̀n, tó jáde, tí ilé ọtí wá pè é kó wá ṣe àríyá lórí rẹ̀. Wọn ì bá ti sun ilé ọtí náà.

Ọ̀rọ̀ àìsàn yẹn pàápàá ń dùn mí. Bí ọkùnrin bá dọdẹ ọmọ, ìkà ni. Bí obìnrin bá ṣe é, wọ́n á wá ohun tó ń ṣe é kiri. Ó dàbí ẹni pé a kò gbà pé obìnrin lè dìídì fẹ́ ohun búburú kó sì fi ọgbọ́n wá a. Àwọn kan rò pé inú rere sí obìnrin nìyẹn. Rárá. Kíkà á sí ọmọdé ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ka ọmọ náà sí àgbà. Ní Florida, ní 2005, agbẹjọ́rò Debra Lafave, olùkọ́ tó bá ọmọ ọdún 14 lò, sọ níta gbangba pé bí wọ́n bá fi arẹwà bíi tirẹ̀ sẹ́wọ̀n, bí ẹni ju ẹran tútù sáàárín kìnnìún ni. Lafave kò lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kó má jáde nílé fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kejì, South Park fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe apá kan: ọmọ kan lọ fi ẹjọ́ olùkọ́ tó ń bá àbúrò rẹ̀ kékeré lò sun ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá sì ń sọ pé ọmọ náà mà gbádùn o. Eré ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì sọ òótọ́ tí ọ̀pọ̀ ìròyìn kò sọ.

Láti ibo ni èrò yìí ti wá? Ó ti ibi tí a ti gbà pé ọkùnrin, láti ọjọ́ tó ti balágà, kì í kọ obìnrin. Bí ara ọmọ bá ti dáhùn, a gbà pé ọkàn rẹ̀ náà ti dáhùn. Ara máa ń dáhùn níbi tí ẹ̀rù ti ń ba ọkàn, níbi tí ojú ti ń tì í. Kò yàtọ̀ sí bí ènìyàn ṣe ń sunkún nídìí àlùbọ́sà láìsí ìbànújẹ́. Ọmọ náà yóò wá gbà pé nígbà tí ara òun fẹ́ ẹ, òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní ìpalára. Á pa ẹnu mọ́. Bó bá tilẹ̀ ń ṣe fáàrí rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pípa ẹnu mọ́ náà ni.

Àwa náà kò bọ́ níbẹ̀. Ẹ sọ ìtàn Pacey fún àwọn ọkùnrin nídìí ọtí n'Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní London, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá tó máa gbé ìgbálẹ̀ lé ọkùnrin tó ń rìn mọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin á ní kí ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan tó jẹ́ obìnrin máa gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sùn, kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń gbéra ga pé àgbà obìnrin kan ló kọ́ àwọn ní ayé nígbà tí àwọn ṣì wà ní ilé ìwé girama, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni sọ ìtàn ogun tí wọ́n ṣẹ́. Òfin wa ní Nàìjíríà kò bá wọn rẹ́rìn-ín: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹnikẹ́ni tó bá bá ọmọdé lòpọ̀ ti fipá bá a lò, ẹ̀wọ̀n gbére sì lè jẹ́ ìyà rẹ̀, kò sì yọ ọmọkùnrin sílẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Wọn kò sọ pé ọmọbìnrin nìkan ni.

Ohun kan wà tó ń da àríyànjiyàn yìí rú, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà máa ń jìyà ẹ̀gàn bí wọ́n bá fẹ́ ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tiwọn. Obìnrin ọdún 45 pẹ̀lú ọkùnrin ọdún 28, wọ́n á ní kò nítìjú, wọ́n á ní ṣúgà màmá ni. Ọkùnrin ọdún 60 tó fẹ́ ọmọ ọdún 28, wọ́n á bá a jó. Ojúsàájú gidi nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti inú ìbínú yẹn gbèjà Tamara, pé ṣé nítorí pé obìnrin ni ẹ fi ń dá a lẹ́bi? Àgbàlagbà ni ẹni ọdún 28. Pacey ọdún 15 kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tí obìnrin àgbà ń fẹ́. Ọmọ ilé ìwé ni. Ẹ̀tọ́ obìnrin láti fẹ́ ẹni tó wù ú kò gba ibi yìí kọjá rárá.

Nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2020, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn jẹjẹrẹ pa Letourneau, eré kan tó ń jẹ́ A Teacher jáde ní Amẹ́ríkà. Hannah Fidell ló dá a sílẹ̀. Olùkọ́ obìnrin àti akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ni ìtàn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí ìfẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde, bí ti Pacey. Ṣùgbọ́n eré yìí kò dúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọmọ náà lọ: àtẹ́wọ́ náà ń ba inú rẹ̀ jẹ́, kò lè jókòó sínú ayé rẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Ní ìgbẹ̀yìn, ó jókòó níwájú obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin, ó sì sọ ohun tó ṣe sí òun fún un. Òun ni eré tó ṣe ohun tí Dawson's Creek kò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù May December, tí Todd Haynes darí ní 2023, tí ọ̀rọ̀ Letourneau sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Charles Melton ló ṣe ọkùnrin náà: ẹni ọdún 36, bàbá ọmọ, tó ṣì ń rìn nínú ilé rẹ̀ bí ọmọ tó ń wá àyè lọ́wọ́ ìyá. Àwọn òǹwòran sunkún lé e. Ọ̀pọ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn rí i pé ọmọkùnrin ni wọ́n pa lára nínú ìtàn tí àwọn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n yan ìwé eré náà mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Oscar.

Ní oṣù kìíní 2024, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ Letourneau ṣẹlẹ̀ sí ní Burien bá ìwé ìròyìn The Hollywood Reporter sọ̀rọ̀. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà náà. Ó ní fíìmù náà dun òun, pé nínú gbogbo àwọn tó ṣe é, kò sí ẹnì kan tó kàn sí òun, pé wọ́n mú ìtàn òun lọ láìbéèrè. Ó ní òun ṣì wà láàyè. Ká ní wọ́n wá bá òun ni, àwọn ì bá jọ ṣe iṣẹ́ tó lágbára.